Ẹ̀KỌ́ FÚN ÀWỌN ÌYÁ: Kíkọ́ Ọmọ Tí Ó Nílò Ìtọ́jú Àkànṣe Láti Dá Nǹkan Ṣe

Ẹ̀kọ́ wa ní ìgbà yìí kan ilé púpọ̀ ju bí a ti rò lọ, yálà a ń sọ ọ́ síta ni tàbí a ń fi aṣọ bò ó mọ́lẹ̀. Mò ń sọ nípa àwọn ọmọ wa tí ọpọlọ wọn kì í tètè gba nǹkan, pàápàá àwọn tí wọ́n ti di géńdé àti ọlọ́mọge báyìí, tí wọ́n ti tó ọmọ ogún ọdún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n tí a ṣì ń wẹ̀ fún, tí a ṣì ń bu oúnjẹ fún, tí a ṣì ń de bọ́tìnnì fún. Orúkọ tí àwọn ará àdúgbò ń pè wọ́n, ẹ jẹ́ kí a fi í sílẹ̀ fún àwọn tí ń pè é.

Gbogbo ìyá tí ó ní irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ni ìbéèrè kan ń jí lóru: bí mo bá kú, ta ni yóò máa ṣe é fún un? Ìbéèrè yìí wá le ju ti àtijọ́ lọ. Ẹ wo àwọn tí a bí pẹ̀lú Down syndrome. Ní Amẹ́ríkà, ní ọdún 1983, iye ọdún tí wọ́n sábà máa ń lò láyé kò ju nǹkan bí 25 lọ. Lónìí, ó ti tó nǹkan bí 60, nítorí pé a ti ń ṣe iṣẹ́ abẹ fún ọkàn tí kò pé láti inú oyún, a kò sì fi wọ́n pamọ́ sínú ilé ìtọ́jú mọ́. Ìtọ́jú tiwa níhìn-ín kò tíì dé ibẹ̀, ṣùgbọ́n ibi tí ìtọ́jú bá wà, wọ́n ń dàgbà. Ọmọ tí àwọn ìyá wa àgbà máa ń sọ pé kò ní pẹ́ láyé lè sin ìyá rẹ̀ kí ó sì tún gbé ogún ọdún lẹ́yìn rẹ̀.

Nítorí náà, mímọ nǹkan-án-ṣe ni ogún tí ó dára jù tí a lè fi sílẹ̀ fún un. Ilé lè wó, àwọn ẹbí sì lè pín owó mọ́ra wọn lọ́wọ́.

Àwa tí a kọ́ṣẹ́ tíṣà gbọ́ orúkọ Maria Montessori, dókítà obìnrin ará Ítálì. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ọmọ olówó ni ó fi bẹ̀rẹ̀, nítorí iye tí àwọn ilé-ẹ̀kọ́ tí ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ ń gbà lóde òní. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Àwọn ọmọ tí wọ́n ti sọ ní ìlú Róòmù pé wọn kò lè kọ́ ohunkóhun ni ó kọ́kọ́ bá ṣiṣẹ́, kí ó tó ṣí ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀ ní 1907. Lára àwọn ohun èlò rẹ̀ ni férémù onígi tí a ta aṣọ sí, tí ó ní bọ́tìnnì tàbí okùn, kí ọmọ máa de é, kí ó sì máa tú u níwájú ara rẹ̀. Ìdí rẹ̀ ni pé bọ́tìnnì tí ó wà lábẹ́ àgbọ̀n ẹni kò ṣeé rí. Káfíńtà àdúgbò lè kan irú férémù bẹ́ẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú.

Ọ̀nà tí a fi ń kọ́ wọn ni pé kí a já iṣẹ́ sí wẹ́wẹ́. Ẹ jẹ́ kí a mú ẹ̀bà. Lójú tiwa, iṣẹ́ kan ṣoṣo ni ẹ̀bà títẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ kà á: fọ ọwọ́, wọn omi, gbé e kaná, dúró kí ó hó, pa iná, da omi sínú abọ́, da gààrì sí i, dé e, rò ó, bù ú sínú àwo. Iṣẹ́ mẹ́wàá ni, ọmọ yìí kò sì lè gba mẹ́wàá lẹ́ẹ̀kan.

Ọ̀pọ̀ wa máa ń bẹ̀rẹ̀ láti òkè. Ọmọ náà á fọ ọwọ́, á wọn omi, ọkàn rẹ̀ á ti kúrò níbẹ̀, ìyá á sì bínú parí rẹ̀. Àwọn olùkọ́ ẹ̀kọ́ àkànṣe máa ń bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ nígbà mìíràn. Ìyá ni yóò ṣe mẹ́sàn-án, ọmọ yóò ṣe ìkẹwàá nìkan: yóò bu ẹ̀bà sínú àwo, yóò fi ọwọ́ tútù dán an, yóò sì jókòó jẹ ẹ́. Òun ni ó parí iṣẹ́ yẹn, ó sì rí èrè rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Nígbà tí ìyẹn bá ti mọ́ ọn lára, ẹ kọ́ ọ ní rírò. Lẹ́yìn náà, dídà gààrì. Báyìí ni ẹ ó máa padà sẹ́yìn. Ẹ kíyè sí i pé omi gbígbóná àti iná ni yóò kàn kẹ́yìn, nígbà tí ọwọ́ rẹ̀ ti dúró dáadáa, tí ó sì ti mọ ibi tí iṣẹ́ náà ń lọ. Ó lè gba oṣù mẹ́ta, ó lè gba ọdún kan. Kí ẹni tí ọmọ rẹ̀ ṣe é ní oṣù kan má ṣe máa yangàn lójú ẹlòmíràn.

Ní ti ìrànlọ́wọ́, kí a má ṣe tètè na ọwọ́. Ẹ sọ ohun tí ẹ fẹ́ ní ọ̀rọ̀ méjì tàbí mẹ́ta, kí ẹ sì ka ení, èjì dé ẹ̀wá nínú ọkàn yín. Ọ̀pọ̀ ìgbà, níbi ẹ̀jọ tàbí ẹ̀sán ni ọmọ náà máa ń gbé ọwọ́ rẹ̀. Bí kò bá gbé e, ẹ nawọ́ sí nǹkan náà. Bí kò bá tíì ṣe é, ẹ ṣe é kí ó rí i. Bí ó bá di dandan kí ẹ di ọwọ́ rẹ̀ mú, ẹ̀yìn rẹ̀ ni kí ẹ ti dì í, kí ẹ sì máa tú ọwọ́ yín sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ lójoojúmọ́. Ìyá tí kò tú ọwọ́ sílẹ̀ kò tíì kọ́ ọmọ ní nǹkan kan. Mo mọ̀ pé ìfẹ́ ni ó ń mú wa ṣe é. Ìkánjú náà sì wà níbẹ̀, pàápàá ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ìsinmi!

Ẹ jẹ́ kí n mẹ́nu ba owó. Má fi àwọ̀ nìkan kọ́ ọmọ ní owó, nítorí ní oṣù Kejìlá 2022, Báńkì Àpapọ̀ yí àwọ̀ ₦200, ₦500 àti ₦1,000 padà, ti àtijọ́ àti tuntun sì ń ná pọ̀ báyìí. Ojú ènìyàn inú rẹ̀ ni kò yí padà. Ènìyàn méjì ni ó wà lórí ₦1,000. Bàbá tí ó wé láwàní wà lórí ₦200. Olóyè Awólọ́wọ̀ pẹ̀lú fìlà àti awò ojú rẹ̀ wà lórí ₦100. Owó gidi ni kí a fi kọ́ ọ, ọjà gidi sì ni kí a rán an, lọ́dọ̀ oníṣọ́ọ̀bù kan tí a ti bá sọ̀rọ̀ ṣáájú. Bí kò bá mọ ìṣirò ṣénjì, kí ó mọ̀ pé òun gbọ́dọ̀ dúró gbà á.

Èyí tí ó kàn yìí, kí á má tijú sọ ọ́. Ọmọbìnrin tí gbogbo ènìyàn ń wẹ̀ fún láti kékeré kò lè mọ ọwọ́ tí kò yẹ kí ó kàn án. Gbogbo ọwọ́ ti di ọ̀kan náà lójú rẹ̀. Ibẹ̀ ni àwọn ìkà ń gbà wọlé, wọn kì í sì í ṣe àjèjì nígbà púpọ̀. Nítorí náà, kíkọ́ ọ láti dá wẹ̀, láti ti ilẹ̀kùn, láti pa páàdì dà nígbà nǹkan oṣù, ààbò ni gbogbo rẹ̀. Ẹ pe ẹ̀yà ara ní orúkọ tí ó jẹ́, kí ó lè ròyìn bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀. Ẹ kọ́ ọ pé ó lè sọ fún àgbàlagbà pé, “Ó tì o!” Mo mọ̀ pé èyí ta ko bí a ti ń kọ́ ọmọ Yorùbá, ṣùgbọ́n ní ti ọ̀ràn yìí, ẹ jẹ́ kí ó ta kò ó. Àwọn ọmọkùnrin náà nílò ẹ̀kọ́ yìí.

Fún ìrìn àjò, ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ọ̀nà kan ṣoṣo, ilé sí ṣọ́ọ̀ṣì, kí ẹ jọ rìn ín títí. Nígbà tí ó bá yá, kí ẹ máa tẹ̀ lé e lẹ́yìn láti òkèèrè. Kí káàdì tí a kọ nọ́ńbà fóònù sí má ṣe kúrò lápò rẹ̀.

Bí ẹnikẹ́ni bá sì lé e kúrò níbi tí gbogbo ènìyàn ń wọ̀, ẹ mọ̀ pé òfin àpapọ̀ kan wà láti oṣù Kìíní 2019 tí ó ka irú ìwà bẹ́ẹ̀ léèwọ̀ sí abirùn èyíkéyìí, tí ó sì fi ìtanràn ₦100,000 tàbí ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà lé ẹni tí ó bá ṣe é lórí.

Ohun kan tí ọ̀pọ̀ ìdílé kì í ṣe ni èyí: kí ọmọ náà máa sùn níta ilé nígbà tí ìyá rẹ̀ ṣì wà láàyè. Ẹ mú ẹbí kan tàbí méjì tí ó fẹ́ràn rẹ̀. Kí ó sun òru kan níbẹ̀ ní oṣù yìí, òru méjì ní oṣù tí ń bọ̀. Kí ó gbé kànrìnkàn àti búrọ́ọ̀ṣì tirẹ̀ dání, kí àǹtí rẹ̀ tó wà níbẹ̀ sì mọ iye tí ó lè dá ṣe, kí ó má baà bẹ̀rẹ̀ sí wẹ̀ fún un. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé fún un: ohun tí ó máa ń jẹ, oògùn rẹ̀ àti wákàtí rẹ̀, ohun tí ó máa ń bà á lẹ́rù, àti ọ̀rọ̀ tí a fi ń pẹ̀tù sí i nínú. Ẹ ṣe ẹ̀dà rẹ̀ méjì, kí ọ̀kan wà lọ́wọ́ ẹni tí kì í ṣe ará ilé.