Ẹ Ka Ẹyẹ Etí Omi, Ẹ Kọ Ọ́ Sílẹ̀



Oṣù kejì ọdún la wà yìí. Ọyẹ́ ti ń parí lọ ní Dassa-Zoumè, Ìdáàṣà tiwa. Koríko orí òkè ti gbẹ, wọ́n ti dáná sun òmíràn. Kànga ń fà. Odò kékeré ti di iyanrìn. Omi tó kù fún màlúù ni bàráàjì, ìyẹn omi tí wọ́n fi yẹ̀pẹ̀ sé láàárín òkè. Bí omi ibòmíràn bá ti gbẹ, ibẹ̀ ni gbogbo ẹyẹ ń wọ́ sí. Ẹ máa ń rí wọn, ṣùgbọ́n ẹ kàn ń kọjá ni. Lónìí, ẹ dúró. Ẹ wò wọ́n, ẹ kà wọ́n, kí ẹ sì kọ iye wọn sínú ìwé.

Ẹ lè bi mí pé: kí la fẹ́ fi ẹyẹ kíkà ṣe, nígbà tí a ní iṣu àti òwú láti kà? Ìbéèrè gidi ni. Mo máa dáhùn, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ àwọn ẹyẹ náà ná.

Gbogbo wa la mọ lékeléke. Ọmọdé ń tọrọ èékánná funfun lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ń tẹ̀lé màlúù nítorí pé ẹsẹ̀ màlúù ń lé tata àti kòkòrò jáde nínú koríko, òun sì ń ṣà wọ́n jẹ. Nígbà òjò, ọ̀pọ̀ nínú wọn ń lọ sí ìhà àríwá lọ pamọ. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn wọ́n padà wá bá wa.

Pẹ́pẹ́yẹ igbó wà níbẹ̀ pẹ̀lú, èyí tí ojú rẹ̀ funfun tí ó ń súfèé lóru. Ẹyẹ kan tún wà tí ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ gùn gan-an, tó ń rìn lórí ewé òṣíbàtà láì rì. Nínú irú ẹyẹ yìí, akọ ló ń sàba lé ẹyin, òun náà ló ń tọ́ ọmọ. Abo ti lọ wá akọ mìíràn. Ẹ̀yin ọkùnrin kíláàsì, ẹ má bínú sí mi, bẹ́ẹ̀ ni Ọlọ́run dá wọn.

Àlejò ni àwọn mìíràn. Ẹ wo ẹsẹ̀ màlúù dáadáa: ẹ ó rí ẹyẹ kékeré kan tí àyà rẹ̀ rí bí èso ìyeyè, tó ń ju ìrù sókè sódò. Yúróòpù ló ti wá. Nínú àwọn alápàándẹ̀dẹ̀ tó ń fò lójú omi, àwọn kan ti Yúróòpù wá. Wọn kì í kọ́ ìtẹ́ sílé wa. Alápàándẹ̀dẹ̀ yìí kéré débi pé ẹyin adìyẹ kan wúwo ju méjì wọn lọ, síbẹ̀ ó fò kọjá aṣálẹ̀ Sàhárà. Òtútù ló lé e kúrò nílé, nítorí pé kò sí kòkòrò nínú òtútù. Láti ìparí oṣù kejì títí dé oṣù kẹrin, wọ́n ń jẹun kí wọ́n lè sanra, wọ́n sì ń padà lọ.

Àwọn òyìnbó fúnra wọn kò mọ èyí tẹ́lẹ̀. Nígbà àtijọ́, àwọn kan láàárín wọn gbà pé inú ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ omi ni alápàándẹ̀dẹ̀ ń sùn sí nígbà òtútù. Nítorí náà, bí bàbá yín bá sọ ohun tó yàtọ̀ nípa ibi tí ẹyẹ ń lọ, ẹ má fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ní ọdún 1822, wọ́n pa ẹyẹ funfun ńlá kan, ẹlẹ́sẹ̀ gígùn, nítòsí abúlé Klütz ní Jámánì. Ọ̀kọ̀ tó gùn tó 80 sẹ̀ǹtímítà ti gún ọrùn rẹ̀ já, ó sì gbé e fò bẹ́ẹ̀. Igi Áfíríkà ni igi ọ̀kọ̀ náà. Ní ilẹ̀ Áfíríkà ni wọ́n ti ta ẹyẹ náà, ẹyẹ náà sì gbé ẹ̀rí délé. Ó wà ní Yunifásítì Rostock títí di òní.

Ní ọdún 1899, olùkọ́ kan ní Dẹ́ńmáàkì, Hans Christian Mortensen, bẹ̀rẹ̀ sí í fi òrùka fúúyẹ́ tí a kọ nǹkan sí lára sí ẹsẹ̀ ẹyẹ. Ẹyẹ 165 ló fi bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ṣì ń ṣe bẹ́ẹ̀ káàkiri ayé. Bí ẹ bá rí òrùka lẹ́sẹ̀ ẹyẹ kan, ẹ má sọ ọ́ nù, ẹ má sì fi ṣe ohun ọ̀ṣọ́ fún ọmọ. Lẹ́tà ni. Ẹ̀yin tí ẹ ti mọ̀ọ́kà, ẹ da gbogbo nọ́ńbà àti lẹ́tà ara rẹ̀ kọ, ẹ kọ ọjọ́ àti ibi tí ẹ ti rí i, kí ẹ mú un lọ fún òṣìṣẹ́ igbó ìjọba.

Báwo la ṣe ń kà wọ́n? Ẹ tètè dé ibẹ̀ kí oòrùn tó mú. Ẹ jẹ́ kí oòrùn wà lẹ́yìn yín. Ẹ má pariwo. Ní ọjọ́ tí kíláàsì wa kọ́kọ́ lọ, èmi ka lékeléke 70. Ìyá kan tó ń ta ọsàn ní 110 ni. Mo rẹ́rìn-ín, mo ní, "Ìyá, ẹ ti ka òmíràn lẹ́ẹ̀mejì." Ó ní, "Olùkọ́, ọmọ mi, bí mo ṣe ń ka ọsàn ni mo ṣe kà wọ́n, márùn-ún márùn-ún. Ìwọ ń kà wọ́n ọ̀kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń wá lẹ́tà." A pín etí omi sí ọ̀nà 3, a tún un kà. A rí 108. Èmi kò ka àwọn tó wà lẹ́yìn màlúù rárá. Láti ọjọ́ náà, márùn-ún márùn-ún ni kíláàsì wa ń kà.

Wàyí o, ìdáhùn tí mo jẹ yín. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, a ń gbin tòmáàtì àti ẹ̀fọ́ sétí bàráàjì. Àwọn kan ń fi oògùn òwú fín in, wọ́n sì ń fọ póńpù oògùn sínú omi. Kòkòrò á kú, ẹja á léfòó, ẹyẹ á jẹ ẹ́. Ẹyẹ kéré, oògùn díẹ̀ tó láti pa á. Ó lè kú kí màlúù tó ṣàìsàn, kí ọmọ tó mu omi náà. Ọ̀rọ̀ oògùn yìí kì í ṣe eré. Ní àkókò òwú 1999 sí 2000, ní Borgou, ó kéré tán ènìyàn 37 ló kú nítorí oògùn òwú tí à ń pè ní endosulfan. Ní 2011, àwọn orílẹ̀-èdè ayé fẹnu kò pé kí a pa oògùn náà tì. Ṣùgbọ́n oògùn mìíràn ṣì wà lọ́wọ́ wa.

Bí lékeléke 108 bá di 20, ṣé wọ́n ti lọ ni, àbí wọ́n ń kú? Ẹni tí kò kọ nǹkan sílẹ̀ kò lè mọ̀. Ẹni tó kọ ti èṣí àti ti ìjẹ̀ta sílẹ̀ mọ oṣù tí wọ́n máa ń lọ. Bí wọ́n bá dín kù ṣáájú oṣù náà, tí òkú ẹyẹ sì wà létí omi, kó tètè ké sí ará ìlú. Ẹ má jẹ òkú ẹyẹ, ẹ má fi ọwọ́ lásán gbé e, ẹ má fún ajá. Ó tún lè jẹ́ àrùn ẹyẹ ló pa á, irú èyí tó wọ orílẹ̀-èdè wa ní 2021.

Báyìí ni a kọ ọ́ sínú ìwé kíláàsì wa:

Ọjọ́: 22, oṣù kejì. Aago 6 ààbọ̀ àárọ̀. Ibi: bàráàjì. Omi: ó ti fà, ó ku ìdajì. Lékeléke: 108. Pẹ́pẹ́yẹ igbó: 35. Ẹyẹ àyà ìyeyè: 12. Òkú ẹyẹ: kò sí.

Iṣẹ́ fún kíláàsì. Ẹ lọ sí omi tó sún mọ́ yín lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, kí ẹ kọ tiyín bẹ́ẹ̀. Ẹ bi àwọn àgbà pé: ẹyẹ wo ló máa ń wá tẹ́lẹ̀ tí kò wá mọ́? Níbo ni ẹ ti ń fọ póńpù oògùn ní abúlé yín? Bí ẹ bá rí òkú ẹyẹ 3 létí omi láàárọ̀ ọ̀la, ta ni ẹ máa kọ́kọ́ sọ fún?