Ẹ Tọ́jú Ratchet Yín: Ìmọ̀ràn fún Ẹ̀yin Ọ̀dọ́ Mẹkáníìkì

Ẹ̀yin ọmọ mi tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ gba fíríìdọ́ọ̀mù, àti ẹ̀yin tí ẹ ṣì ń kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́, ọ̀rọ̀ ratchet ni mo fẹ́ bá yín sọ. Púpọ̀ nínú yín lè tú ẹ́ńjìnnì palẹ̀, kí ẹ sì tò ó padà láìku bóòtù kan sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ṣé ẹ ti tú orí ratchet tí ẹ fi ṣe gbogbo iṣẹ́ náà wò rí? Ní ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù, àárọ̀ ni wọ́n ti máa ń mú un, ó di ìrọ̀lẹ́ kí wọ́n tó sọ ọ́ sínú àpótí, kò sì sẹ́ni tó ń bi í léèrè títí di ọjọ́ tó máa já mọ́ ẹni tó ń fà á lọ́wọ́. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mú dání kò pọ̀: ẹ fọ̀ ọ́ kí ẹ tó fún un ní gíríìsì, kí ẹ sì fún un níwọ̀nba. Àpọ̀jù gíríìsì ń ba ratchet jẹ́ bí àìní gíríìsì ṣe ń bà á jẹ́.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Gíà kékeré kan wà ní àárín orí rẹ̀, òun ló gbé ẹnu onígun mẹ́rin tí à ń ki bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ gíà yìí ni irin kékeré eléyín kan wà tí sípíríǹgì ń tì lẹ́yìn. Bí ẹ bá fà á sí apá kan, irin yẹn á di gíà mú, nọ́ọ̀tì á yí. Bí ẹ bá dá ọwọ́ padà, á máa fò kọjá lórí eyín kọ̀ọ̀kan. Ìyẹn ni ìró kẹ́kẹ́kẹ́ tí ẹ ń gbọ́. Ratchet eléyín 24 gbọ́dọ̀ rìn tó dígírì 15 kó tó tún di nǹkan mú. Eléyín 72 kò ju dígírì 5 lọ. Ìdí nìyẹn tí eléyín wẹ́wẹ́ fi dùn ún lò níbi tó há, bí ẹ̀yìn alternator. Àmọ́ bí eyín ṣe ń kéré sí i, bẹ́ẹ̀ ni ìdọ̀tí tín-ń-tín tó láti dà á láàmú.

Ohun méjì ló sábà máa ń pa á. Àkọ́kọ́ ni iyanrìn. Abẹ́ igi ni ọ̀pọ̀ wa ti ń ṣiṣẹ́, lórí ilẹ̀ tó ti mu ọ́ìlì yó. Bí ẹ bá sọ ratchet síbẹ̀, iyanrìn á gba ìdí ẹnu rẹ̀ wọlé, á sì pò mọ́ gíríìsì inú rẹ̀. Ẹ mọ grinding paste tí à ń fi lọ fáàfù. Ohun tí iyanrìn àti gíríìsì máa ń dà nínú ratchet nìyẹn, eyín gíà ló sì máa ń lọ̀. Èkejì ni gíríìsì tó ki jù, irú èyí tí a fi ń kún bẹ́rìnnì ẹsẹ̀ mọ́tò. Agbára sípíríǹgì kékeré yẹn kò ká a. Irin eléyín náà á máa lọ́ra kó tó padà sáyè rẹ̀, góńgó eyín nìkan ni á sì fi kan gíà. Lọ́jọ́ tí ẹ bá wá fi agbára fà á, á yọ̀, oríkèé ìka yín á lọ gbá férémù mọ́tò.

Etí ni kí ẹ kọ́kọ́ fi mọ̀ ọ́n. Ìró ratchet tó mọ́ máa ń já gaara. Bó bá rẹlẹ̀ tó sì ń fà, gíríìsì ti dì nínú rẹ̀. Bó bá dún dáadáa níbì kan tó wá dákẹ́ níbòmíràn, ó ṣeé ṣe kí eyín kan ti kán.

Bí ẹ bá fẹ́ ṣí i, orí tábìlì ni kí ẹ ti ṣe é, kí ẹ tẹ́ aṣọ funfun sábẹ́ rẹ̀. Ẹ nu ara rẹ̀ mọ́ ná. Sukúrù ló de ìderí àwọn kan, circlip ló de ti àwọn mìíràn. Sukudiráfà tó bá orí sukúrù náà mu gẹ́ẹ́ ni kí ẹ lò, torí orí rẹ̀ tètè máa ń bó. Bí ìderí bá ti kúrò, ẹ má tíì fọwọ́ kan nǹkan kan: ẹ fi fóònù yín ya inú rẹ̀, kí ẹ lè rántí ibi tí nǹkan kọ̀ọ̀kan kọjú sí. Lẹ́yìn náà, ẹ ki orí rẹ̀ bọ inú ọ̀rá tó mọ́ gaara, kí ẹ sì tú u níbẹ̀. Bọ́ọ̀lù irin wíńníwínní kan lè wà nínú rẹ̀ tí sípíríǹgì ń tì. Bó bá fò sórí ilẹ̀ ṣọ́ọ̀bù, ó tán nìyẹn.

Kẹrosíìnì àti búrọ́ṣì ìfọyín àtijọ́ ni kí ẹ fi fọ̀ ọ́. Ẹ má lo bẹntiróòlù. Oru rẹ̀ máa ń rìn nílẹ̀, iná wẹ́dà ẹ̀gbẹ́ yín sì lè ràn án. Ẹ nu gbogbo rẹ̀ gbẹ, kí ẹ wá yí gíà náà síbi ìmọ́lẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Eyín tó dára ní etí tó mú. Èyí tí etí rẹ̀ ti rí róbótó, kò sí gíríìsì tó lè wò ó sàn. Ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ tó ń ṣe ratchet gidi ló ń ta ohun inú rẹ̀ lọ́tọ̀. Ẹ rà á, kí ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Èyí tí kò bá ní ohun inú lọ́jà, ẹ mú un kúrò nínú àpótí pátápátá, kí ọmọ iṣẹ́ má baà ṣèèṣì mú un.

Nọ́ńbà NLGI tó wà lára agolo gíríìsì ló ń sọ bó ṣe ki tó. Ti bẹ́rìnnì sábà máa ń jẹ́ 2. 1 àti 0 rọ̀ jù ú lọ, àwọn ló sì tẹ́ mi lọ́rùn fún eléyín wẹ́wẹ́. Ẹ fi orí ìka pa á fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, kí irin ṣì máa hàn lábẹ́ rẹ̀. Ẹ kán ọ́ìlì ẹyọ kan sí ìdí ohun tí a fi ń yí ọ̀nà rẹ̀ padà. WD-40 kò lè rọ́pò gíríìsì: wọ́n ṣe é ní San Diego lọ́dún 1953 láti fi lé omi kúrò lára irin. Ó wúlò bí òjò bá pa irinṣẹ́ yín, ṣùgbọ́n ẹ fi gíríìsì tẹ̀ lé e. Ratchet tó ń ṣiṣẹ́ lójoojúmọ́, ẹ máa ṣí i nígbà tí ọyẹ́ bá kásẹ̀ nílẹ̀ àti nígbà tí òjò bá dáwọ́ dúró.

Ẹ má fi ratchet ṣe òòlù. Ẹ má ki páìpù bọ ìdí rẹ̀ láti tú nọ́ọ̀tì tó ti le. Irin gígùn tí kò ní gíà nínú ló wà fún ìyẹn. Ẹ má sì fi iná yọ ìpẹtà rẹ̀, torí iná máa ń mú kí irin tí wọ́n ti sè le rọ̀.

Torque wrench yàtọ̀. Ẹ má tú u, ẹ má fi gíríìsì sí i, ẹ má fi tú nọ́ọ̀tì. Bí iṣẹ́ bá parí, ẹ dá èyí tó ń ta kẹ́ padà sí nọ́ńbà tó kéré jù lára rẹ̀, kí sípíríǹgì rẹ̀ sinmi. Ìlànà ISO 6789 ní kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́yìn oṣù 12 tàbí lẹ́yìn lílò 5,000. Ní ti ratchet tó ń fi afẹ́fẹ́ ṣiṣẹ́, ẹ kán ọ́ìlì rẹ̀ díẹ̀ sí ẹnu tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, kí ẹ sì máa tú omi inú táǹkì kọ̀mpírẹ́sọ̀ dànù lójoojúmọ́.

Ẹ̀sìn yòówù kí ẹ máa ṣe, ẹ mọ̀ pé àwọn baba wa kì í fojú yẹpẹrẹ wo irin; òun ni ẹlẹ́sìn Ògún fi ń búra láti fìdí òótọ́ múlẹ̀. Oníbàárà tó gbé mọ́tò fún yín ti fi ẹ̀mí ìdílé rẹ̀ lé nọ́ọ̀tì tí ẹ dè lọ́wọ́. Bí eyín ratchet bá ń fò, ẹ lè rò pé nọ́ọ̀tì ti le nígbà tí kò tíì le.

Ẹ̀yin tí ẹ ti ń gba ọmọ iṣẹ́, ẹ jẹ́ kí ọmọ kọ́ èyí kó tó fọwọ́ kan ẹ́ńjìnnì oníbàárà. Ọmọ tó bá lè tú ratchet, tó fọ̀ ọ́, tó tò ó padà láìsọ bọ́ọ̀lù wíńníwínní yẹn nù, ó ti ń kọ́ sùúrù tó máa lò lọ́jọ́ tí ẹ bá gbé gíàbọ́ọ̀sì lé e lọ́wọ́.