Ẹ̀kọ́ Lórí Káàdì Àwìn Àkọ́kọ́



Àwọn àgbà a máa pa á lówe pé, ẹni tí ó yá ẹgbàafà tí kò san án, ó bẹ́gi dí ẹgbèje. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé, ẹni tí a yá ní owó ńlá tí kò dá a padà ti dí ọ̀nà mọ́ owó kékeré tí ì bá tún rí yá lọ́jọ́ mìíràn. Mo fi òwe yìí ṣíwájú nítorí pé orí rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ káàdì àwìn dúró lé. Kò ní pẹ́ mọ́ tí ọ̀pọ̀ nínú wa yóò gba owó oṣù àkọ́kọ́, bẹ́ẹ̀ ni kò sì ní pẹ́ tí báńkì yóò fi irú káàdì bẹ́ẹ̀ lọ̀ wá. Ó yẹ kí a mọ ohun tí ó jẹ́ kí a tó fọwọ́ sí ìwé.

KÍ NI KÁÀDÌ ÀWÌN?

Oríṣi káàdì méjì ni ó jọ ara wọn lójú. Èkínní ni èyí tí a fi ń ná owó tiwa tí a ti fi sí báńkì. Bí owó náà bá tán, káàdì kò ṣiṣẹ́ mọ́. Irú èyí ni ó wọ́pọ̀ jù ní Nàìjíríà, Benin àti Gabon. Èkejì ni káàdì àwìn. Owó báńkì ni a fi ń rajà nínú tirẹ̀, títí dé iye kan tí báńkì ti là sílẹ̀, a ó sì san án padà ní ọjọ́ tí a dá.

Ní ọdún 1958, Bank of America fi káàdì 60,000 ránṣẹ́ sí àwọn ará ìlú Fresno ní California, láìjẹ́ pé wọ́n béèrè fún un. Káàdì yìí kan náà ni a yí orúkọ rẹ̀ padà sí Visa ní 1976. Nígbà tí ètò náà tàn ká California, kì í ṣe ènìyàn díẹ̀ ni kò rí gbèsè wọn san. Ní 2009, ìjọba Amẹ́ríkà ṣe òfin pé báńkì kò gbọdọ̀ fún ẹni tí kò tíì pé ọmọ ọdún 21 ní káàdì àwìn, àfi bí ó bá ní owó tí ń wọlé fún un, tàbí bí àgbàlagbà kan bá bá a fọwọ́ sí gbèsè náà. Ìbéèrè méjì ni òfin yìí ń bi ọ̀dọ́: Kí ni ìwọ yóò fi san án? Ta ni onídùúró rẹ?

ÀPẸẸRẸ LÁTI ỌJÀ MONT-BOUËT

Mo lo ìsinmi kan lọ́dọ̀ àbúrò ìyá mi obìnrin tí wọ́n ń ta aṣọ ní Mont-Bouët, ọjà tí ó tóbi jù ní Libreville, olú-ìlú Gabon. Àwọn Yorùbá láti ilẹ̀ Benin àti Nàìjíríà wà lára àwọn tí ń tajà níbẹ̀. Àjèjì tí kò ní ilẹ̀ tí yóò fi dógò, orúkọ rere ni ó fi ń gba àwìn.

Mo kíyèsí bí wọ́n ti ń dá èésú. Ẹni mẹ́wàá a dá 10,000 sẹ́fà lóṣooṣù, ẹnìkan a sì kó 100,000. Ẹni tí ó kọ́kọ́ kó o jẹ gbèsè oṣù mẹ́sàn-án. Ẹni tí ó kó o kẹ́yìn, owó ni ó fi pamọ́. Kò sí èlé níbẹ̀. Nítorí náà, ẹ̀yìn ni wọ́n máa ń fi ẹni tuntun sí, títí wọn yóò fi rí ìwà rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni báńkì ń ṣe: ó ń wo bí ènìyàn ti san gbèsè àtẹ̀yìnwá kí ó tó yá a ní òmíràn.

Ọmọ wọn obìnrin wà ní Yunifásítì Omar Bongo, ó sì ń kọ́ àwọn ọmọdé ní ìwé nírọ̀lẹ́, tí ó ń gba 50,000 sẹ́fà lóṣù. Báńkì kan fẹ́ fún un ní káàdì àwìn 200,000, bí ìyá rẹ̀ bá lè ṣe onídùúró. Ìyá bi í pé, “Bí o bá ná gbogbo rẹ̀ tán, báwo ni ìwọ yóò ṣe san án?”

Ọmọ náà dáhùn pé, “Màmá, wọ́n ní bí mo bá ti ń san 10,000 lóṣooṣù, ó ti tó.”

Ìyá ní, “Ìwọ̀fà ni wọ́n fẹ́ fi ọ́ ṣe nìyẹn.”

ÌṢIRÒ TI ÌWỌ̀FÀ

Láyé àtijọ́, ẹni tí ó yá owó lè fi ara rẹ̀ tàbí ọmọ rẹ̀ ṣe ìwọ̀fà. Yóò máa ṣiṣẹ́ fún olówó, ṣùgbọ́n èlé ni iṣẹ́ náà. Ojú owó wà níbẹ̀ digbí títí ọjọ́ tí yóò rí i san. Ẹ jẹ́ kí a wò ó bóyá ọ̀rọ̀ ìyá náà rí bẹ́ẹ̀.

Ká sọ pé èlé jẹ́ 2 nínú 100 lóṣù, lórí iye tí ó bá kù. Ní oṣù kìíní, èlé 200,000 jẹ́ 4,000. Nígbà tí ó bá san 10,000, kìkì 6,000 ni yóò dín nínú gbèsè. Bí kò tilẹ̀ ra ohun kan mọ́, lẹ́yìn oṣù 12 yóò ti san 120,000, síbẹ̀ gbèsè tí yóò kù lọ́rùn rẹ̀ yóò lé ní 119,000. Oṣù 26 ni yóò fi san án tán. Bí ó bá jẹ́ pé kò sí èlé, oṣù 20 ni ì bá fi san án.

Ìyá mọ ohun tí wọ́n ń bẹ̀rù. Bí ọmọ kò bá rí i san, owó òwò wọn ni báńkì yóò yíjú sí. Ẹni tí ó rántí pé ní 1978 ìjọba Gabon lé ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ Benin kúrò nílùú kì í fi owó òwò ṣeré. Síbẹ̀, wọn kò kọ káàdì náà. Tìyá-tọmọ lọ sí báńkì, wọ́n sì bẹ̀bẹ̀ pé kí iye náà wálẹ̀ sí 25,000, ìdajì owó tí ọmọ ń gbà lóṣù. Ìwé kíkà ni yóò máa fi rà, yóò sì máa san gbogbo rẹ̀ lóṣooṣù. Orúkọ rere ni yóò fi bẹ̀rẹ̀.

OHUN TÍ Ó YẸ KÍ A RÁNTÍ

1. Má ṣe gba káàdì àwìn bí kò bá sí owó tí ń wọlé fún ọ.
2. Béèrè iye èlé àti owó ìtanràn kí o tó fọwọ́ sí ìwé.
3. San gbogbo gbèsè kí ọjọ́ tó pé. Bí a bá ṣe bẹ́ẹ̀, ọ̀pọ̀ báńkì kì í gba èlé lórí ọjà tí a rà.
4. Má ṣe fi káàdì àwìn gba owó lásán, nítorí ọjọ́ náà gan-an ni èlé rẹ̀ sábà máa ń bẹ̀rẹ̀.
5. Ẹni tí ó dúró fún ọ fi ohun ìní rẹ̀ dúró. Má ṣe dójú tì í.

ÌDÁNRAWÒ

1. Kí ni ìyàtọ̀ láàrin ẹni tí ó kọ́kọ́ kó èésú àti ẹni tí ó kó o kẹ́yìn?
2. Ẹnìkan jẹ báńkì ní 50,000 sẹ́fà, èlé sì jẹ́ 2 nínú 100 lóṣù. Bí ó bá ń san 2,000 lóṣooṣù, èló ni yóò kù lẹ́yìn oṣù kìíní?
3. Bí ó bá jẹ́ 1,000 ni ó ń san lóṣooṣù, nígbà wo ni gbèsè náà yóò tán? Kí ni àwọn baba wa ń pe irú ẹni bẹ́ẹ̀?