Alùpùpù láti London dé Èkó

Ẹ̀kọ́ wa yìí dá lórí ọkùnrin kan tó fi ara rẹ̀ wewu nítorí ọmọ ọlọ́mọ.

Kúnlé Adéyanjú ni orúkọ rẹ̀. Ọjọ́ 19 oṣù Kẹrin ọdún 2022 ló gun alùpùpù kúrò ní London, ó sì wọ Èkó ní ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún. Ọjọ́ 41 gbáko! Ó gba ilẹ̀ Faransé àti Sípéènì kọjá, ó dé Mòrókò, ó la aṣálẹ̀ Sàhárà já, títí ó fi dé Tógò àti Benin. Ẹni tó bá gun ọ̀kadà láti Ojúẹlẹ́gba dé Mushin rí nínú òjò, nígbà tí ọ̀kadà ṣì ń rìn níbẹ̀, á mọ̀ pé èyí kì í ṣe eré.

Ó ń wá owó fún ìjà tí ẹgbẹ́ Rotary ń bá àrùn rọmọlápárọmọlẹ́sẹ̀ jà láti ọdún 1985. Ẹnu ni kòkòrò àrùn náà ń gbà wọlé, nínú omi tàbí oúnjẹ tí ìgbẹ́ ti bà jẹ́. Tó bá dé inú iṣan tó ń darí ẹsẹ̀, ẹsẹ̀ á rọ, kò sì sí oògùn tó lè dá a padà. A máa ń rí irú wọn lójú títì, tí wọ́n ń fi ọwọ́ ti ara wọn lórí pákó oníkẹ̀kẹ́. Ẹ̀kán oògùn lẹ́nu ọmọ ni ìbá ti dènà rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí kàn wá, àwa Mùsùlùmí. Ní ọdún 2003, wọ́n dá oògùn náà dúró ní ìpínlẹ̀ Kano nítorí àhesọ pé ó ń sọni di àgàn. Àrùn náà tàn láti Nàìjíríà dé àwọn orílẹ̀-èdè tó ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ọdún 2004 ni wọ́n tún bẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn tí wọ́n gba oògùn tí wọ́n ṣe ní Indonesia, ilẹ̀ Mùsùlùmí bíi tiwa. Ọmọ tó rọ lẹ́sẹ̀ láàárín ìgbà yẹn kò mọ nǹkan kan nípa àríyànjiyàn àwọn àgbà.

Ọmọ kíláàsì wa kan béèrè pé: “Àáfà, ṣé kì í ṣe pé ó fọwọ́ ara rẹ̀ ju ara rẹ̀ sínú ìparun?” Ìbéèrè náà dára. Inú Suratul-Baqarah, aaya 195, ni ìkìlọ̀ yẹn wà, ṣùgbọ́n aaya kan náà ló kọ́kọ́ pàṣẹ ìnáwó sójú ọ̀nà Ọlọ́hun. Huzaifah, sàábé Ànábì, sọ pé orí ìnáwó gan-an ló sọ̀ kalẹ̀ lé. Ahun náà wà lára ìparun. Ní tiwa, ẹni tó gbára dì, tó dé akoto, tó mọ ọ̀nà, yàtọ̀ sí ọmọkùnrin tó ń sáré àsápajúdé ní òpópónà Adéníran Ògúnsànyà kí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ lè pàtẹ́wọ́.

Ní ọjọ́ 25 oṣù Kẹjọ ọdún 2020, wọ́n kéde pé irú àrùn náà tó ti ẹ̀dá wá kò sí ní Áfíríkà mọ́. Ṣùgbọ́n irú kan tó jáde láti ara oògùn náà, níbi tí ọmọ púpọ̀ kò ti gbà á, ṣì ń jà. Nítorí náà, ẹ̀yin ìyá, bí àwọn elétò ìlera bá kan ilẹ̀kùn, ẹ gbé ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún jáde.