Kí ni ó ń mú ògì àti wàrà kan?



Bí ẹ bá rẹ àgbàdo, tí ẹ lọ̀ ọ́, tí ẹ sẹ́ ẹ, ògì yóò kan. Ní Savalou, ẹ̀gẹ́ tí a rin fún gàrí ń kan nínú àpò. Ní Bantè, wàrà màlúù ń kan nínú igbá. Ta ni ó ń ṣe iṣẹ́ yìí?

Kòkòrò tíntìntín tí ojú kò lè rí ni. Wọ́n ń jẹ ṣúgà inú oúnjẹ, wọ́n sì ń sọ ọ́ di omi kíkan. Ọ̀pọ̀ kòkòrò àrùn kò lè gbé inú omi kíkan.

Wọ́n jọra, ṣùgbọ́n wọn kì í ṣe ọ̀kan náà

Àwọn kan tò léra bí ìlẹ̀kẹ̀ lórí okùn. Irú kan nínú wọn ń mú wàrà kan. Irú mìíràn tí ó jọ ọ́ ń fa egbò ọ̀nà ọ̀fun fún ọmọdé, ó sì lè ba ọkàn ọmọ jẹ́. Báwo ni àwọn onímọ̀ ṣe ń yà wọ́n sọ́tọ̀?

1. Wọ́n ń wo agbo wọn. Wọ́n fi kòkòrò sórí oúnjẹ tó dì bí ẹ̀kọ. Kòkòrò kan ń bí títí agbo rẹ̀ fi tó ojú rí. Wọ́n wò bóyá ó ń dán tàbí ó rí págunpàgun. Ṣùgbọ́n ojú nìkan kò tó. Irú kan náà lè ní agbo dídán àti agbo tí kò dán, bí ọmọ ìyá kan ṣe lè pupa kí èkejì dúdú.

2. Wọ́n ń lo ẹ̀jẹ̀ ehoro. Wọ́n gún ehoro ní abẹ́rẹ́ kòkòrò tí wọ́n ti pa. Ara rẹ̀ yóò kọ́ bí a ti ń mọ kòkòrò náà. Wọ́n gba omi ojú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, wọ́n pò ó mọ́ kòkòrò tí wọn kò mọ̀. Bí irú kan náà bá ni, yóò dì mọ́ra.

Ní ọdún 1933, Rebecca Lancefield, obìnrin ará Amẹ́ríkà, fi omi ẹ̀jẹ̀ báyìí pín wọn sí ẹgbẹ́. Ti egbò ọ̀fun ni ẹgbẹ́ A. Nígbà tó yá, ti wàrà di ẹgbẹ́ N. Ní 1985, a sọ ẹgbẹ́ N ní Lactococcus. Lónìí, àbùdá inú kòkòrò ni wọ́n ń wò jù.

Ní Bẹ̀nẹ̀ níbí, ní àwọn ọdún 1990, Joseph Hounhouigan àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ yẹ màwè wò. Lactobacillus fermentum ni wọ́n bá jù níbẹ̀.

Kí ni kí a ṣe nílé?

– Ẹ se wàrà kí ó hó, kí ẹ tó mú un kan. Kíkan nìkan kò pa gbogbo àrùn màlúù.
– Nígbà tí ó bá lọ́ wọ́ọ́rọ́, ẹ fi ṣíbí kan wàrà kíkan tó dára sí i. Ẹ bò ó.
– Ẹ má gé ọjọ́ kíkan gàrí kúrú. Májèlé wà nínú ẹ̀gẹ́ kíkorò. Rírin, kíkan, fífún àti yíyan ní ń lé e.
– Bí ọ̀fun bá ń dun ọmọ, tí ara rẹ̀ gbóná, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn.

Ẹ dáhùn

1. Kí ló dé tí wíwo agbo nìkan kò tó?
2. Kí ni ẹ óò ṣe sí wàrà kí ó tó kan?