Àjà Ọlọ́nà: Láti Orí Amọ̀ Dé Orí Pí-ó-pì

Ìfáàrà

Àjà ni Yorùbá ń pe ohun tí ó dábùú láàrin òrùlé àti iyàrá. Nínú agbo ilé àtijọ́, igi líle ni àwọn ọ̀mọ̀lé máa ń tò lé orí ògiri. Wọn a to ọparun tàbí igi wẹ́wẹ́ lé e, wọn a sì fi amọ̀ rẹ́ ẹ. Orí àjà bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń kó ẹrù pamọ́ sí. Bí iná bá sì ràn mọ́ òrùlé koríko, amọ̀ náà kì í jẹ́ kí ó tètè wọ inú iyàrá. Àjà, nígbà náà, jẹ́ ohun tí ó lè gbé ẹrù. Ọ̀rọ̀ náà kò yí padà títí di òní, ṣùgbọ́n ohun tí ó ń tọ́ka sí ti yàtọ̀, nítorí àjà pí-ó-pì kò lè gbé ènìyàn. Oníṣẹ́ iná tí ó bá fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ dípò igi òrùlé, inú iyàrá ni yóò bá ara rẹ̀.

Ohun èlò náà

Lẹ́tà tí ó kẹ́yìn nínú ìgékúrú yìí dúró fún Paris, níbi tí wọ́n ti ń wa òkúta jípsọ́ọ̀mù ní òkè Montmartre láyé àtijọ́. Òkúta kan náà wà ní Fika ní Ìpínlẹ̀ Yobe àti ní Nafada ní Ìpínlẹ̀ Gombe. Bí iná bá yan án dé nǹkan bí ìwọ̀n 150 lórí òṣùwọ̀n Celsius, ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin omi ara rẹ̀ yóò lọ, lẹ́búlẹ́bú funfun ni yóò sì kù. Bí omi bá tún kàn án, yóò padà di òkúta, yóò sì mú ooru jáde; ìdí nìyẹn tí ọwọ́ ẹni tí ó ń pò ó fi máa ń gbóná.

Lẹ́búlẹ́bú ni wọ́n ń bù sínú omi. Bí ó bá jẹ́ omi ni wọ́n dà sí lẹ́búlẹ́bú, yóò ṣù. Láàrin ìṣẹ́jú 10 sí 30, yóò ti le. Fífi omi kún èyí tí ó ti ń le kò wúlò. Ńṣe ni yóò sọ ọ́ di aláìlágbára.

Dídà àti gbígbé kọ́

Oníṣẹ́ a tẹ́ dígí tàbí bọ́ọ̀dù dídán sílẹ̀, a fi òróró tàbí ọṣẹ pa á kí ohun tí yóò dà sí i má baà lẹ̀. Fún ọnà òdòdó tàbí ewé, mọ́ọ̀dù rọ́bà ni yóò lò. Yóò da ìpele kan, yóò tẹ́ fáíbà lé e, yóò tún da òmíràn bò ó. Pí-ó-pì tí kò ní fáíbà, bí ó bá là, jíjá ni yóò já lulẹ̀.

Kí ó tó gbé e kọ́, yóò fi rọ́bà gbọọrọ tí omi wà nínú rẹ̀ wọn ògiri yíká, nítorí igi òrùlé kì í sábà tẹ́jú. Wáyà àti fáíbà tí a rì sínú pí-ó-pì ni wọ́n fi ń so bọ́ọ̀dù mọ́ igi lókè. Lẹ́yìn náà ni wọn yóò dí ojú ìpàdé wọn. Páànù tí ń jò gbọ́dọ̀ di títúnṣe ṣáájú gbogbo èyí, torí pí-ó-pì a máa fa omi mu, omi a sì mú un wúwo.

Ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ èdè kíyè sí i pé ọ̀rọ̀ orúkọ iṣẹ́ yìí ni wọ́n yá: bọ́ọ̀dù, fáíbà, wáyà, mọ́ọ̀dù. Yorùbá ni púpọ̀ nínú ọ̀rọ̀ ìṣe rẹ̀: pò, dà, tẹ́, so, kọ́. Ohun èlò jẹ́ àjèjì, ṣùgbọ́n ìṣe ọwọ́ ti wà nílẹ̀ láti ìgbà amọ̀.

Ewu tí ó wà nínú yíyọ àjà àtijọ́

Ọ̀pọ̀ ilé tí wọ́n kọ́ ní àwọn ọdún 1970 àti 1980 ni bọ́ọ̀dù àjà wọn ní asibẹ́sítọ́ọ̀sì nínú. Gbogbo irú rẹ̀ ni Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé ó ń fa àrùn jẹjẹrẹ; ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fòfin de èyí tí ó kù níbẹ̀ ní 1999. Àrùn náà lè gba 20 ọdún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kí ó tó farahàn, ìdí sì nìyẹn tí onílé tí ó fẹ́ pààrọ̀ àjà kì í fi bẹ̀rù rẹ̀. Òòlù ni wọ́n ń fi fọ́ ọ, ìgbálẹ̀ gbígbẹ ni wọ́n fi ń gbá a, ọmọ ilé a sì bá wọn kó o. Bọ́ọ̀dù tí kò fọ́, kí wọ́n fi í sílẹ̀ síbi tí ó wà. Bí yíyọ rẹ̀ bá di dandan, ẹni tí ó kọ́ iṣẹ́ náà ni kí ó yọ ọ́: yóò wọ́n omi sí i, yóò tú ìṣó rẹ̀ láìfọ́ ọ, yóò sì fi ọ̀rá nínípọn dì í. Aṣọ tí wọ́n so mọ́ imú kò lè dí eruku rẹ̀ lọ́nà.