Ibi Tí Ó Yẹ Kí A Gbé Ẹ̀rọ POS Sí, àti Bí A Ó Ti Máa Tọ́jú Rẹ̀

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023, nígbà tí owó bébà ṣọ̀wọ́n jákèjádò Nàìjíríà nítorí pé Báǹkì Àpapọ̀ ń pààrọ̀ owó ₦200, ₦500 àti ₦1,000, tábìlì oní-POS ni ọ̀pọ̀ ènìyàn tò sí kí wọ́n tó rí owó ọbẹ̀. Láti ìgbà náà, ẹ̀rọ kékeré yìí kò ṣàjèjì mọ́ ní Ọjà Igbó ní Ògbómọ̀ṣọ́, tàbí ní ọjà Akẹ̀sán ní Ọ̀yọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ oní-ẹ̀rọ kò kà á sí pé ibi tí a gbé e sí ni ó ń sọ bí yóò ti pẹ́ tó.

Oòrùn ni ọ̀tá rẹ̀ kìíní. Bátìrì inú rẹ̀ kò yàtọ̀ sí ti fóònù. Bí ooru bá pọ̀ jù fún un, agbára rẹ̀ a máa dín kù, ó sì lè wú. Òjìji agboòrùn kì í dúró sí ojú kan. Ibi tí ó tutù ní aago mẹ́sàn-án òwúrọ̀ lè ti di gbangba oòrùn ní aago méjìlá, nítorí náà kí a máa sún tábìlì tẹ̀lé òjìji. Ìwé tí ẹ̀rọ náà ń tẹ̀ jáde pàápàá kì í lo yíǹkì: ooru ni ó ń fi kọ̀wé. Bí a bá sá a sí oòrùn, yóò dúdú tàbí kí ó ṣá, bẹ́ẹ̀ sì ni òun ni ẹ̀rí wa bí owó bá há.

Ní ti fífi iná sí i, ṣájà tirẹ̀ gan-an ni kí a lò, lórí pákó tàbí símẹ́ńtì, kì í ṣe lórí aṣọ tàbí tìmùtìmù. Ẹ má ṣe tì í mọ́ ìsọ̀ pẹ̀lú iná di ọjọ́ kejì. Ní oṣù kìíní ọdún 2020, iná jó ọjà Akẹ̀sán. A kò sọ pé ẹ̀rọ ni ó fà á o, ṣùgbọ́n ẹni tí ó rí bí ìsọ̀ ti ń gbiná ran ara wọn kò ní fẹ́ kí ti òun jẹ́ ìbẹ̀rẹ̀. Bí bátìrì bá wú, ẹ má gún un, ẹ má sì tún fi iná sí i. Ẹ dá a padà fún ilé-iṣẹ́ tí ó fún yín ní ẹ̀rọ.

Nígbà ọyẹ́, aṣọ gbígbẹ tí ó rọ̀ ni kí a fi nu eruku, lẹ́yìn tí a bá ti pa ẹ̀rọ náà. Kí omi tàbí kẹrosíìnì má kan ojú ihò káàdì. Bí ó bá sì bàjẹ́, kí a má gbé e fún alátùn-únṣe fóònù ẹ̀bá ọ̀nà: a ṣe é lọ́nà tí ó fi jẹ́ pé, bí ẹnikẹ́ni bá tú u, yóò pa àṣírí báǹkì tí ó wà nínú rẹ̀ rẹ́, kò sì ní ṣiṣẹ́ mọ́.

Kí a yí ojú bọ́tìnnì rẹ̀ sí oníbàárà, kí ó lè fi ọwọ́ bo nọ́ńbà ìkọ̀kọ̀ rẹ̀. Ọ̀pọ̀ àwọn àgbà ni ó máa ń ké nọ́ńbà yìí jáde fún oní-POS kí ó bá wọn tẹ̀ ẹ́, tí gbogbo ẹni tí ó tò sẹ́yìn sì ń gbọ́. Kí oní-POS tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ rọra kọ̀, kí ó sì fi ìka hàn wọ́n ibi tí wọn yóò tẹ̀. Bí ẹ̀rọ bá sọnù, kí a pe ilé-iṣẹ́ rẹ̀ ní wákàtí kan náà, kí wọ́n tì í pa.